Àwo orin ń di fáìlì: Ohun tó yẹ káwọn DJ àtàwọn tó ń ta orin mọ̀ kí wọ́n tó kó ọjà wọn sórí kọ̀ǹpútà

Kò sí DJ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tí kò tíì pàdé irú oníbàárà yìí rí. Ọmọ olóòkú ni. Yóò dé ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀, yóò jókòó, yóò sì sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, olórin kan ki bàbá wa nínú àwo kan láyé ọjọ́un. A fẹ́ kí ẹ lù ú fún wa lọ́jọ́ náà." Kò mọ orúkọ àwo, kò mọ ọdún tó jáde, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Ebenezer Obey ló kọ ọ́ àbí Sunny Adé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé olórin náà dárúkọ bàbá àwọn, àti pé àwọn ṣe tán láti sanwó ẹ̀.

Owó gidi wà nínú ìbéèrè yẹn. Bí orin náà bá tilẹ̀ wà lórí Spotify, kò sẹ́ni tó máa fi orúkọ bàbá wọn wá a níbẹ̀ kó rí i. Inú páálí tó wà lábẹ́ ibùsùn DJ kan ló ṣeé ṣe kó wà, tàbí nínú ìsọ̀ ẹni tó ti ń ta orin láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìyẹn ni pé àwo àtijọ́ kì í ṣe ẹrù tó kàn ń gba àyè nílé. Ọjà ni, ọjà tó sì lè má sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọjà náà ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà kó o sórí kọ̀ǹpútà tún máa ń bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwo ńlá tó ń yí ní ìgbà 33 àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí wọ́n ń pè ní LP, ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia gbé e jáde l'Amẹ́ríkà. Ọdún 1963 ni Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì dé, nígbà tó sì di ọdún 1982, Philips yìí kan náà àti Sony pawọ́ pọ̀ gbé sídì jáde. Lọ́dún 1995 làwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì fún irú fáìlì orin tí wọ́n ṣe ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n lónìí, ìyẹn MP3. Ní Nàìjíríà níbí, àárín àwọn ọdún 1990 ni títẹ àwo ńlá kógbá sílé, kásẹ́ẹ̀tì gbapò ẹ̀, sídì tún gbapò kásẹ́ẹ̀tì, kó tó di pé flash àti fóònù wá gbá gbogbo wọn dà nù. Ẹni tó bá ti wà nídìí òwò yìí láti bíi ọdún 1980 á ti ra orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ló ń bà wọ́n jẹ́?

Àwo ńlá ló lágbára jù nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Bí wọn ò bá jẹ́ kí oòrùn pa á, tí abẹ́rẹ́ tó ti kú ò sì fá a, ó lè ju 50 ọdún lọ kó ṣì máa dún ketekete. Ooru ló máa ń tẹ̀ ẹ́. Ìnàró ló yẹ kó wà bí ìwé tó wà nínú pẹpẹ, kì í ṣe kí wọ́n tò ó léra wọn bí ẹni to àwo oúnjẹ.

Kásẹ́ẹ̀tì ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó ń mú ohùn dání ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọ̀rinrin bá wọlé sí i, yóò hu funfun, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, fóòmù kékeré tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ á ti já bọ́, nígbà tí ẹni tó ni ín á rò pé orin ló ti parẹ́. Orin ò parẹ́ o. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìṣó onírìnwọ́ dè, èèyàn lè tú u, kó yọ téèpù inú ẹ̀, kó gbé e sínú ilé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ṣì dára, yóò sì tún dún.

Ní ti sídì, ojú tó ń dán ni gbogbo èèyàn máa ń ṣọ́. Òdìkejì ẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ jù, torí abẹ́ àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni orin wà. Bí nǹkan bá ha ojú tó ń dán, wọ́n ṣì lè bá a wá nǹkan ṣe sí i; bó bá ha ojú orúkọ títí tó fi kan fàdákà inú ẹ̀, ó parí nìyẹn. Sídì téèyàn fi kọ̀ǹpútà kọ fúnra ẹ̀ tún burú ju ti ilé iṣẹ́ lọ, nítorí aró ló ń gbé orin inú ẹ̀, aró sì máa ń ṣí. Àwọn DJ tó kó àwo wọn sórí irú sídì bẹ́ẹ̀ ní bíi ọdún 2003, tí wọ́n wá fi àwo tọrẹ, ti ń rí èrè ẹ̀ báyìí.

Wákàtí 200 gbáko

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníṣòwò ṣírò kì í ṣe owó ẹ̀rọ, àkókò ni. Sídì nìkan ló yá. Kọ̀ǹpútà lè kó odindi ẹyọ kan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, torí nọ́ńbà ló ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iye ìṣẹ́jú tí orin orí àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì bá fi ń dún náà ni wọ́n máa fi gbé e, kò sí ọ̀nà àbùjá kankan. Ká ní DJ kan ní àwo ńlá 300, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Ìṣẹ́jú 12,000 nìyẹn, ìyẹn wákàtí 200. Bó bá ń fi wákàtí mẹ́rin ṣe é lójúmọ́, 50 ọjọ́ ni, ẹ má sì tíì ka àkókò tó máa fi nu àwo, tó máa fi yí i sójú kejì, tó máa fi kọ orúkọ sí fáìlì, àti ọjọ́ tí iná ò ní sí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí èèyàn ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fi wákàtí 200 gbé e ní gbígbékúgbèé, wákàtí 200 mìíràn ló máa fi tún un ṣe, bó bá jẹ́ pé àwo náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gbé e ní gbígbékúgbèé jù ni irú fáìlì tí wọ́n ń lò. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ìgbà 44,100 ni sídì máa ń wọn ohùn fún etí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ni fún tòsì. Bí kọ̀ǹpútà bá tọ́jú gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ń pè ní WAV, orin ìṣẹ́jú kan yóò gba bíi MB mẹ́wàá. MP3 máa ń dín in kù ní ti pé ó ń ju àwọn ohùn tó gbà pé etí èèyàn ò ní fura sí dà nù. Bí wọ́n bá ṣe é ní 128, MB kan péré ni ìṣẹ́jú kan máa gbà. Bó bá jẹ́ 320 tó ga jù, bíi MB méjì ààbọ̀ ni. Ohun tó bá ti jù nù kò tún ní padà wá mọ́, bó ti wù kí wọ́n yí fáìlì náà padà sí nǹkan mìíràn tó.

Nígbà kan rí, ó nídìí táwọn èèyàn fi ń lo 128. Nígbà tí Apple gbé iPod àkọ́kọ́ jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2001, GB márùn-ún péré ni nǹkan tó lè gbà. Ìdí yẹn ò sí mọ́. Àwo 300 DJ tí a ń ṣírò yẹn, bó bá tọ́jú gbogbo ẹ̀ láìdín ohunkóhun kù, bíi GB 120 ló máa gbà, hard disk kékeré tó ń lọ lọ́jà lónìí gbà á, àyè tún máa ṣẹ́kù.

Ó tiẹ̀ tún lè dín ìyẹn kù sí bí ìdajì. Fáìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní FLAC, ọdún 2001 lòun náà jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Òun máa ń fún orin pọ̀ láìju ohunkóhun nù, bí ìgbà téèyàn ká aṣọ sínú àpótí, tó jẹ́ pé bó bá tú u, aṣọ ẹ̀ pé. MP3 ní tiẹ̀ gé ṣòkòtò kó lè wọnú àpótí. Nítorí náà, FLAC tàbí WAV ni kí oníṣòwò fi ṣe ìyá fáìlì tó máa wà nílé, inú ìyá yẹn ni kó ti máa bí MP3 tó fẹ́ gbé lọ sóde lórí flash. Kó má ṣe ti inú MP3 bí MP3 mìíràn láéláé. Ẹni tó bá ti ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì láti inú àdàkọ rí mọ bó ṣe máa ń rí.

Abẹ́rẹ́, wáyà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀

Ẹ̀rọ tó ń lu àwo kì í ṣe nǹkan téèyàn kàn máa fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohùn tó ń ti ara abẹ́rẹ́ bọ̀ kéré jọjọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ tó tẹ àwo ti mọ̀ọ́mọ̀ dín ìró ńlá bíi ti ìlù kù, wọ́n sì gbé ìró tínrín sókè, kí ojú ọ̀nà inú àwo má baà fẹ̀ jù. Ẹ̀rọ mìíràn ló gbọ́dọ̀ dá a padà sí bó ṣe yẹ. Àwọn amúgbá àtijọ́ sábà máa ń ní ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn, iṣẹ́ tí ihò yẹn ń ṣe nìyẹn. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ki wáyà ẹ̀rọ àwo bọ̀, kí wọ́n wá mú ohùn jáde láti ihò tí wọ́n kọ TAPE tàbí REC OUT sí lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá ní irú amúgbá bẹ́ẹ̀ lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní phono preamp. Ẹni tó bá gbójú fo ìyẹn dá, orin tí kò ní ìlù nínú ló máa gbé, ìyẹn orin jùjú tó ń dún bíi pé inú agolo ni wọ́n ti kọ ọ́. Kò sì yẹ kí wọ́n fi í sínú ihò gbohùngbohùn tó wà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká, torí nínú ọ̀pọ̀ wọn, ihò yẹn kì í gba ohùn ọ̀tún àti tòsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yí. Rọ́bà inú ẹ̀ máa ń dẹ̀ bó bá pẹ́, tí ohùn olórin á wá máa fà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀nà àtimọ̀ rọrùn: kí wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ etí àwo, kí wọ́n sì kà á. Àwo ńlá gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 100 géérégé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Omi tó mọ́, bíi èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì tí kò ní ásíìdì nínú, àti aṣọ rírọ̀ ló dára láti fi nu àwo, kí wọ́n máa nù ún tẹ̀lé bí ojú ọ̀nà inú ẹ̀ ṣe yí po, kí omi má sì dé ibi bébà àárín. Kẹrosíìnì ò gbọ́dọ̀ kàn án. Àwọn àwo tó dàgbà jù, àwọn tó wúwo tó sì máa ń fọ́ bí àwo tánganran, èyí tó ń yí ní ìgbà 78, kò fẹ́ kí ọtí tàbí spirit kan òun rárá, torí yóò yọ́. Àwọn wọ̀nyí tún nílò abẹ́rẹ́ tiwọn, ojú ọ̀nà inú wọn fẹ̀ ju ti LP lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ́kọ́ fà á lọ sópin, kí wọ́n sì fà á padà, kó lè tú ara ẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n fi spirit díẹ̀ lórí òwú nu orí ẹ̀rọ. Ìṣó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ yẹn tí ọ̀pọ̀ ò fọwọ́ kàn rí: bí wọ́n bá rọra yí i síwá sẹ́yìn nígbà tí orin ń dún lọ́wọ́, ibì kan á wà tí ohùn á ṣàdédé là, bíi pé wọ́n ká aṣọ kúrò lójú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni kí wọ́n fi í sí fún kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Òmíràn lè fẹ́ ibòmíràn.

Lórí kọ̀ǹpútà, Audacity tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n má jẹ́ kí ìwọ̀n ohùn kan pupa, torí ohùn tó bá ti ya níbẹ̀ ò ṣeé tún ṣe. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún àwọn ìrinṣẹ́ inú ẹ̀ tó ń pa ariwo rẹ́. Òyìnbó tó ṣe wọ́n ò ro ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ariwo ṣáá-ṣáá orí kásẹ́ẹ̀tì jọ ara wọn púpọ̀ létí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ń pa ariwo rẹ́ láìwo ọwọ́ lè pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ orin àpàlà rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀dà tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn ló yẹ kó wà ní ìpamọ́, kí wọ́n máa fi èyí tí wọ́n tún ṣe jáde.

Orúkọ ló ń tà á

Fáìlì 2,000 tí kò lórúkọ kò yàtọ̀ sí àwo tó wà nínú páálí dídì. Ibí yìí gan-an ni owó ọmọ olóòkú yẹn wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fi ìkánjú ṣe.

Àkọ́kọ́ ni pé púpọ̀ nínú orin jùjú àti fújì àwọn ọdún 1970 àti 1980 kò ní àlàfo. Orin kan á wọnú òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo títí dé òpin, bíi ìṣẹ́jú 18 tàbí 20. Ìrinṣẹ́ tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ gé orin sí wẹ́wẹ́ ò ní rí ìdákẹ́jẹ́ kankan. Bí DJ bá fi ọwọ́ gé e, yóò gé ibi tí ìlù ti ń gbóná. Ó sàn kó fi odindi ojú àwo sílẹ̀ bí fáìlì kan, kó wá kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sínú àyè ọ̀rọ̀ tó wà lára fáìlì náà: ìṣẹ́jú 7 àti 40, wọ́n ki Alhaji báyìí ará Ìjẹ̀bú; ìṣẹ́jú 12, wọ́n dárúkọ ẹgbẹ́ báyìí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá dárúkọ ni kó kọ, àti ìlú wọn. Iṣẹ́ ọ̀hún ń tánni ní sùúrù, àmọ́ wákàtí tí àwo ń dún náà ló máa fi ṣe é, kó kàn mú gègé dání ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ Alhaji bá dé, ìṣẹ́jú kan ló máa fi wá a.

Èkejì ni pé kó mú ọ̀nà kan ṣoṣo láti fi kọ orúkọ olórin. Bó bá kọ Barrister síbì kan, tó kọ Sikiru Ayinde síbòmíràn, èèyàn méjì ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá sì kọ Ishola lásán, orin Haruna Ishola àti ti ọmọ ẹ̀, Musiliu Haruna Ishola, á di ọ̀kan. Kó fi fóònù ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn páálí àwo, kó ya bébà àárín pẹ̀lú, torí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ló máa ń jẹ́ kéèyàn mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nígbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá ti parẹ́.

Fáìlì náà ń kú

Àwo máa ń kú díẹ̀díẹ̀, hard disk máa ń kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iná tó dé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ tó láti pa á, olè tó gbé kọ̀ǹpútà náà tó. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dún 2019 ni Myspace, tí àìmọye olórin kó iṣẹ́ wọn sí, jẹ́wọ́ pé nígbà táwọn ń kó ẹrù láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, orin táwọn èèyàn gbé síbẹ̀ láàárín ọdún méjìlá ti lè lọ pátápátá. Ìròyìn sọ pé ó tó mílíọ̀nù 50. Lọ́dún 2008, iná jó ilé ìpamọ́ Universal ní Hollywood, àwọn téèpù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gba ohùn olórin sílẹ̀ sì jóná níbẹ̀. Ní ti àwọn yẹn, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà.

Ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kí oníṣòwò ní: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń lò, ọ̀kan lórí hard disk tí kì í so mọ́ iná, ọ̀kan nílé àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó wà ládùúgbò mìíràn. Ẹni tí dátà bá gbà fún lè fi ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Flash kì í ṣe ilé ìpamọ́, ẹrù ọ̀nà ni. Bó bá sì di ọdọọdún, kí wọ́n ṣí wọn wò, kí wọ́n gbọ́ díẹ̀ nínú wọn.

Ta ló ni orin?

Ẹni tó ra àwo ló ni àwo, kò ni orin inú ẹ̀. Gbogbo wàhálà tó máa ń bá àwọn tó ń ta orin lórí flash àti mẹ́mọ́rì kádì, ìdí ọ̀rọ̀ yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin tó ń darí ẹ̀ ní Nàìjíríà báyìí ni Copyright Act ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023, tó sì rọ́pò ti àtẹ̀yìnwá. Ó fàyè sílẹ̀ níwọ̀nba fún ohun téèyàn ń lò fún ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn ṣe ẹ̀dà kó sì tà á fún aráàlú láìgbàṣẹ, àyè yẹn ò dé ibẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Orin àtijọ́ ni, ẹni tó kọ ọ́ ti kú." Ikú olórin ò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Oríṣi ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí àwo kan. Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ máa ń gba 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó jáde. Ti orin fúnra ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí olórin hun, máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó hun ún kú. Ayinla Omowura kú lọ́dún 1980. Òpin ọdún 2050 ni ẹ̀tọ́ orí orin tó hun yóò tó tán. Haruna Ishola kú lọ́dún 1983, tirẹ̀ di òpin 2053. Nítorí náà, bí àwo tó jáde lọ́dún 1970 bá tilẹ̀ ti kọjá 50 ọdún, ọ̀rọ̀ orin inú ẹ̀ ò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn ajogún. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀dà, ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ilé iṣẹ́ tó ni ín ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó gba ìwé. Àwọn ẹbí mìíràn tí kò ní ẹ̀dà tó dára lọ́wọ́ lè fẹ́ fi àṣẹ ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀dà tó mọ́. Ó yẹ kéèyàn béèrè.

Lílu orin ní gbangba náà ní ìwé àṣẹ tiẹ̀, àwọn tó ni gbọ̀ngàn, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí ló sábà máa ń kàn. Àjọ bíi MCSN, tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2017, ni irú wọn tó ń gba owó náà fún olórin. Ẹni tó bá rò pé òun á fi Spotify rọ́pò gbogbo ẹ̀, kó tún rò ó: látìgbà tí Spotify ti wọ Nàìjíríà lóṣù kejì ọdún 2021, lílò ti ara ẹni ni wọ́n ń tà, àdéhùn wọn ò fàyè gba kí wọ́n fi í ṣòwò. Bí owó oṣù bá sì tán, orin tán.

Ṣé kí wọ́n wá ta àwo lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e tán? Òfin ò ní kẹ́ni tó ra àwo má tà á. Àmọ́ ẹni tó bá ta àwo tó sì mú ẹ̀dà ẹ̀ dání, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ mọ́ lórí ẹ̀dà yẹn. Yàtọ̀ síyẹn, àwo ni ẹlẹ́rìí pé ó rà á, òun sì ni wọ́n máa padà sí bí fáìlì bá bàjẹ́ tàbí bí ẹ̀rọ tó dára ju ti òní bá dé. Iye àwo gan-an ti ń gòkè. L'Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, àwo ńlá tí wọ́n tà tó mílíọ̀nù 41, sídì jẹ́ mílíọ̀nù 33, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún 1987 tí àwo máa ta ju sídì lọ. Àwọn Òyìnbó tó ń kó àwo Nàìjíríà jọ ń wá èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kì í ṣe fáìlì. Ẹni tó bá máa tà, kó má ta gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dé.

Iṣẹ́ kan wà tí òfin yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kàn, tó sì yẹ àwọn tó bá ti ra ẹ̀rọ wọ̀nyí: bíbá ìdílé gbé kásẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ohùn bàbá níbi ìgbéyàwó, ìwàásù, lẹ́tà tí ọmọ tó wà nílùú Òyìnbó sọ sórí kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sílé lọ́dún 1985. Wákàtí ni kí wọ́n fi díye lé e, kì í ṣe iye kásẹ́ẹ̀tì, torí ìṣẹ́jú 60 àti ìṣẹ́jú 90 ò dọ́gba, kí wọ́n sì ro owó epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n fún oníbàárà ní FLAC àti MP3, kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ padà, kí wọ́n má sì pa fáìlì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn títí tó fi máa gbọ́ ọ nílé tó máa pè pé ó pé. Lọ́jọ́ tó bá gbé e wá ni kí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí kásẹ́ẹ̀tì dúdú 20 tó ti ilé mẹ́ta wá ò ní ìyàtọ̀ lójú.